Watt Márùndínlógóje Nínú Ògiri

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní Ṣàgámù. Mo mọ ohun tó ń mú kí gílóòbù ṣe bàìbàì, mo sì ti fi ẹgba na ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n rí. Síbẹ̀, fún oṣù méjì gbáko, gílóòbù kan ń ṣe bàìbàì lójú mi lójoojúmọ́ ní Calgary, n kò sì bi ara mi pé kí ló ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọlọ́gbọ́n ni mo fẹ́ pe ara mi nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Inú basement tó wà lábẹ́ ilé Ẹ̀gbọ́n Ládélé ní Penbrooke Meadows la ń gbé, èmi, Oyètúndé ọkọ mi, àti Dóyin ọmọ wa, ọmọ ọdún méje. January 2017 ni. Epo rọ̀bì ti já wálẹ̀ lọ́jà láti bí ọdún méjì, àwọn kọ́ńpìnì tó wà ní downtown sì ń dá òṣìṣẹ́ dúró bí ẹni ń gbọn eruku kúrò lára ẹ̀wù. Wọ́n dá Oyètúndé dúró ní September. Jíọ́lọ́jíìsì ni, tí o bá gbé òkúta fún un, á sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún ọ, ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn kò sẹ́ni tó fẹ́ mọ ọjọ́ orí òkúta kankan. Èmi ń wẹ àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Basement náà kò burú lójú. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló ṣe é: ó gbé ògiri dúró, ó fa wáyà, ó kun ọ̀dà. Orí YouTube ló ti kọ́ ọ. Tí àlejò bá wá sílé, kó tó fún un lómi mu, á ti mú un sọ̀kalẹ̀ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àwa á sì dìde lórí bẹ́ẹ̀dì kí àlejò lè rí ògiri dáadáa. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló wọ ibẹ̀, òun náà la fi ń jáde. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà, ó ga lókè nítòsí àjà, snow sì ti bò ó láti December, débi pé tí ilẹ̀ bá mọ́, a kì í mọ̀ àfi tí a bá wo fóònù. Lọ́jọ́ kan mo na apá mi méjèèjì láàárín yàrá Dóyin, ọwọ́ ọ̀tún kan ògiri, ti òsì náà kan ògiri. N kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ibi tí wọ́n ti ń yí ooru ilé sókè sódò wà ní parlour Ẹ̀gbọ́n, òun nìkan ló sì ń fọwọ́ kàn án. Ní November wọ́n dá òun náà dúró, lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún nídìí iṣẹ́ ẹ́ńjìníà pipeline. Ìyàwó rẹ̀, Anti Bísọ́lá, wà ní Toronto lọ́dọ̀ ọmọbìnrin wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹ̀gbọ́n bá yí ooru ilé wálẹ̀. Kò sì fẹ́ kí òtútù pa wá, ó gbé heater oníná kan wá fún wa, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kì í bọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lára ògiri Dóyin, ó ní, "Ìyàwó, ẹ jẹ́ kó máa jó tọ̀sán-tòru. Mi ò fẹ́ gbọ́ ikọ́ ọmọ yẹn mọ́." Irú ènìyàn tó jẹ́ nìyẹn, ìyẹn gan-an ló sì mú kí ọ̀rọ̀ náà le.

Òun ló wá gbé wa ní airport lọ́dún 2013. Ẹni tó bá mọ àwa Yorùbá ìlú yìí á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Ẹni tó gbà ọ́ ní airport, tó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ wọ̀ ọ́ nígbà tí o ń gbọ̀n, bàbá rẹ ló dà yẹn. O ò ní já a nírọ́ lójú ènìyàn. O ò ní kó kúrò nílé rẹ̀ láìjẹ́ pé òun ló ní kí o máa lọ. Tí o bá ra mọ́tò, òun ló máa kọ́kọ́ jókòó síwájú. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Oyètúndé, ó ní a kò gbọdọ̀ san owó ilé mọ́ títí Ọlọ́run á fi ṣílẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́jọ́ náà. N kò mọ̀ pé n kò ní tètè dìde níbẹ̀.

Gbogbo ìgbà tí heater náà bá tan, gílóòbù yàrá Dóyin á ṣe bàìbàì. Tó bá kú, gílóòbù á tún mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Nàìjíríà, ẹ mọ ohun tí mo wí lọ́kàn mi. Half current. Ní Ṣàgámù, tí aládùúgbò bá ti ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, gílóòbù tiwa á pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún, fáànù á máa fà, kò sì sẹ́ni tí àyà rẹ̀ máa já. A ó ní iná ti lọ sílẹ̀, a ó sì máa bá tiwa lọ. Oyètúndé wo gílóòbù Penbrooke, ó ní half current. Ẹ̀gbọ́n sọ̀kalẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, ó wò ó, ó ní, "Ẹ ò rí i, NEPA tẹ̀ lé wa dé Canada." Ẹ́ńjìníà, jíọ́lọ́jíìsì, tíṣà físíìsì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́, ó tilẹ̀ ń mú mi rántí ilé.

Dóyin, tí kò mọ half current rí láyé rẹ̀, ló bi mí léèrè. Ọjọ́ Tuesday kan ni. Ó ti dé láti school, ó ń kun àwòrán lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, èmi ń ká aṣọ. Heater tan, gílóòbù relẹ̀.

"Mummy, the light is sleepy again."

"Half current ni, ọmọ mi."

"But the lights at school don't get sleepy. And upstairs doesn't. Only mine."

Mo gbé aṣọ tí mo ń ká sílẹ̀. Tó bá jẹ́ láti ìta ni iná ti ń lọ sílẹ̀, gbogbo ilé ni ì bá kàn. Tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ níbí nìkan, a jẹ́ pé nǹkan kan ń jẹ iná náà lójú ọ̀nà, nínú ògiri, kó tó fún wa ní ìyókù. Mo gun orí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri. Òtútù ìta ti wọ −25 lọ́jọ́ náà, gbogbo ògiri yàrá yẹn sì tutù bí omi kànga. Ibì kan, lókè ibi tí Dóyin ń gbé orí lé, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi, gbóná.

Mítà kan wà nínú àpótí mi tí mo gbé wá láti Ṣàgámù, èyí tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ SS2. Mo fi wo ṣọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ, nítòsí ibi tí iná ti wọlé: 120 volt. Mo fi wo èyí tó wà lára ògiri Dóyin nígbà tí heater ń jó: 108. Volt méjìlá sọnù láàárín yàrá méjì. Mo mú ìwé àwòrán Dóyin, mo kọ ọjọ́ sí orí rẹ̀ bí mo ṣe máa ń fipá mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.

Wọ́n kọ ọ́ sára heater náà pé 1500 watt ni, lórí 120 volt. Tí a bá sọ volt di ìlọ́po ara rẹ̀, tí a fi watt pín in, ìdènà tó wà nínú heater á jáde: 120 lọ́nà 120, kí a fi 1500 pín in, ohm 9.6. Ìdènà yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Tó bá jẹ́ 108 volt ló dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí a fi 9.6 pín in, kọ́rẹ́ǹtì tó ń gba inú rẹ̀ kọjá jẹ́ amp 11.25. Kọ́rẹ́ǹtì yẹn kan náà ló gba inú ògiri kọjá kó tó dé ibẹ̀. Kò ní ọ̀nà mìíràn. Ẹ wá mú volt méjìlá tó sọnù, kí ẹ fi 11.25 pín in. Ìdènà tó lé díẹ̀ ní ohm kan wà níbi tí kò yẹ kó sí. Ẹ sọ volt méjìlá di ìlọ́po 11.25. Watt márùndínlógóje.

Gbogbo wa la mọ bí gílóòbù ọgọ́ta watt ṣe ń jó ni lọ́wọ́. Ohun tó ń jó nínú ògiri yẹn ju méjì irú rẹ̀ lọ, láàárín igi àti òwú tí wọ́n fi ń dí òtútù, níbi tí atẹ́gùn kò dé. Breaker tó yẹ kó gé iná kò ní já, torí kọ́rẹ́ǹtì kò pọ̀ jù. Amp mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni breaker ń dúró dè. Ẹ̀yìn ògiri náà gan-an sì ni àtẹ̀gùn wà, ọ̀nà àbájáde wa kan ṣoṣo. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé láti pa heater náà. Dóyin ló pa á.

Nígbà tí Oyètúndé wọlé, mo fi ìwé náà hàn án. Mo ṣàlàyé fún un pé ilé ọdún 1972 ni ilé yìí, wáyà alumíníọ̀mù ni wọ́n fi kọ́ ọ, Ẹ̀gbọ́n sì ra wáyà bàbà, ó lọ́ bàbà mọ́ alumíníọ̀mù, ó fi ògiri bò ó. Ó wà nínú àwọn fọ́tò tó ya nígbà tó ń ṣiṣẹ́ náà. Gbogbo wa la ti wo fọ́tò yẹn, gbogbo wa la sì ti kí i kú iṣẹ́. Irin méjèèjì kì í gbé pọ̀ pẹ́. Wọ́n á máa sún kúrò lára ara wọn díẹ̀díẹ̀, ibi tí wọ́n ti pàdé á sì máa gbóná. Gbogbo ṣọ́kẹ́ẹ̀tì àwọn yàrá wa, àti gílóòbù Dóyin, ibi ìlọ́pọ̀ kan yẹn ni wọ́n ti ń jẹ.

"Daddy Dóyin, ẹ lọ sọ fún un," mo ní.

"Kí n sọ kí ni fún un?"

"Pé wáyà rẹ̀ ń jó."

Ó jókòó sí eteetí bẹ́ẹ̀dì, kò bọ́ bàtà. "Débọ́lá, ṣé o mọ ibi tí Ẹ̀gbọ́n ń lọ láràárọ̀ tó fi ń wọ tie?"

"Ṣebí interview ni."

"Library ni. Library downtown. Mo rí i níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó kàn jókòó síbẹ̀ ni, kò ṣí ìwé kankan. Èmi ni mo sá pamọ́ fún un." Ó fọwọ́ nu ojú. "Basement yìí nìkan ló kù tó fi ń yangàn. Kí n wá lọ bá a pé ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fẹ́ pa wá? Ọkùnrin yẹn á wó lulẹ̀."

"Tí ilé bá wó lulẹ̀ ńkọ́?"

"Abeg, gbọ́ mi ná. Ẹ̀gbọ́n kò gba permit ìjọba kó tó kọ́ ibí. Tí electrician bá wá, inspector á tẹ̀ lé e, á wo fèrèsé yẹn, á ní ènìyàn ò gbọdọ̀ sùn níbí. Níbo la máa wọ̀ nínú snow yìí? Ẹni tó gbà wá ní airport la máa fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn ìjọba? Dín heater yẹn kù. Ká ṣì máa wò ó."

Inú bí mi sí i gan-an, mo sì gbà fún un. Òótọ́ ni méjèèjì. Mo gbé Dóyin wá sórí bẹ́ẹ̀dì tiwa. Mo fi téèpù wọn fèrèsé: ọmọ lè gba ibẹ̀ jáde, èjìká mi kò lè gba ibẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ ti Oyètúndé. Mo yí heater sí kékeré, 750 watt. Tí kọ́rẹ́ǹtì bá dín sí ìdajì, ooru ibi ìlọ́pọ̀ á dín sí ìdá mẹ́rin, nítorí náà ohun tó kù nínú ògiri fẹ́rẹ̀ẹ́ tó watt mẹ́tàdínlógójì. Ẹ wo ohun tí mo ń ṣe. Mo ń bá iná dúnàá-dúrà.

Ní Wednesday mo ra extension kan tó nípọn, mo fà á láti ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ ìfọṣọ wá sí yàrá. Mo yí heater sí ńlá. Gílóòbù kò relẹ̀ mọ́, ògiri sì tutù. Fún wákàtí méjì, ara mi balẹ̀. Lẹ́yìn náà Ẹ̀gbọ́n ti downtown dé, ó sọ̀kalẹ̀ wá fọṣọ, tie ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó rí wáyà náà nílẹ̀.

"Ìyàwó, kí ni mo kọ sára fíríìjì?"

"Pé ká má lo extension, sà."

"Kí ló dé?"

"Torí pé ó ń jó ilé, sà."

Ó fà á yọ, ó ká a dáadáa, ó so ó, ó fi í há abíyá. Ó ki heater padà sára ògiri Dóyin, ó wò ó pé ó wà ní ńlá. Gílóòbù ṣe bàìbàì lójú àwa méjèèjì. "Àwọn socket yìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe wọ́n," ó ní. "Ẹ fọkàn balẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ògiri yìí," mo ní.

Ó yíjú padà. "Ó ṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu mi. Mo wo ojú rẹ̀. Ó ti rù láti November, ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti tóbi jù ú lọ, ó sì ń dúró kí n sọ ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ògiri rẹ̀.

"Ó rẹwà, sà."

"O ṣeun," ó ní, inú rẹ̀ sì dùn tọkàntọkàn. Nígbà tó gun àtẹ̀gùn tán, mo yí heater sí kékeré, mo sì fi gbogbo èébú tí mo mọ̀ bú ara mi.

Ní Friday, Dóyin gbé imú sókè bí a ṣe wọlé. "Are we having fish?"

A kò se ẹja. Rọ́bà wáyà tó ń jó máa ń rùn bí ẹja. Mo tún gbé mítà. Pẹ̀lú heater ní kékeré, 111 volt ló dé ṣọ́kẹ́ẹ̀tì. Mẹ́sàn-án sọnù, kọ́rẹ́ǹtì sì jẹ́ amp 5.78. Mo pín in. Ní Tuesday, ìdènà ibi ìlọ́pọ̀ náà lé díẹ̀ ní ohm kan. Ní Friday ó ti lé ní ohm kan àbọ̀. Bó ṣe ń jó ló ń bàjẹ́, bó ṣe ń bàjẹ́ ló ń jó sí i, kò sì sí ibi tí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ń parí sí àfi ibì kan. Mo fa heater yọ. Kí oòrùn tó wọ̀, yàrá ti di degree mọ́kànlá, ikọ́ Dóyin ti padà, ó ń hú u kíkankíkan. Oyètúndé dìde, ó ki heater padà, ó fi í sí kékeré. Mo rí i. N kò fà á yọ mọ́.

Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. N kò lè sọ fún Ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí n má béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbogbo Saturday, agogo mẹ́wàá àárọ̀, Ẹ̀gbọ́n máa ń kọ́ Dóyin ní ìṣirò lórí tábìlì oúnjẹ lókè, lábẹ́ ìwé-ẹ̀rí ẹ́ńjìníà rẹ̀ tó fi gíláàsì bò. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò pa á jẹ rí. Á ki ṣẹ́ẹ̀tì bọ ṣòkòtò, á gbẹ́ pẹ́ńsù mẹ́ta lẹ́nu, á tò wọ́n. Mo ya ojú ìwé náà kúrò nínú ìwé àwòrán, mo tẹ̀ lé Dóyin gòkè lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìṣirò kan wà lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe é, kí n mọ̀ bóyá mo gbà á."

"Physics?" Ojú rẹ̀ là, mo sì kórìíra ara mi. "Gbé e wá. Dóyin, come and see, your mummy has homework."

"Mummy doesn't go to school."

"Everybody goes to school. Ó yá, ìyàwó, kà á."

"Iná wọlé ní 120 volt. Nígbà tó fi máa dé socket, ó ku 108. Amp 11.25 ló ń lọ. Kí ni resistance tó wà lójú ọ̀nà, kí sì ni power tó ń jó dànù níbẹ̀?"

Ó ń sọ ọ́ sókè bó ṣe ń kọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ dúró ṣinṣin, ọwọ́ ẹni tó ti ṣe irú rẹ̀ láìmọye. "Volt méjìlá ló sọnù. V pín sí I, 1.07 ohm. V lọ́nà I, 135 watt." Ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. "Kò le."

"Ìkejì wà nísàlẹ̀, sà. 111 volt, amp 5.78."

"Mẹ́sàn-án sọnù. 1.56 ohm. 52 watt." Ó fẹ́ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, pẹ́ńsù dúró. "Ṣé joint kan náà ni?"

"Joint kan náà ni, sà."

"Ọjọ́ mélòó ló wà láàárín wọn?"

"Mẹ́ta."

Ó gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ yí padà, ó di ohùn ọ́fíìsì, ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti oṣù méjì. "Ọjọ́ mẹ́ta péré, resistance gòkè tó báyìí? Joint yẹn ti ń jóná, ìyàwó. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé mọ́ nìyẹn. Ta ló fa wáyà yìí? Irú wọn ló ń pa ènìyàn tọmọtọmọ mọ́nú ilé. Kí wọ́n paná ibẹ̀ báyìí báyìí. Níbo ni?"

Mo wo ìlà méjì tó fà sábẹ́ 135.

"Is it my wall?" Dóyin béèrè lọ́wọ́ mi. "The sleepy light?"

Ẹ̀gbọ́n dìde, ó sọ̀kalẹ̀, ó ń di ara àtẹ̀gùn mú bí arúgbó. Ó wọ yàrá Dóyin, ó gbé ọwọ́ lé ògiri, ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó lọ sídìí breaker, ó pa gbogbo iná ìsàlẹ̀. Ó fi tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu, ó mú ayùn kékeré, ó gé ògiri tó fọwọ́ ara rẹ̀ kun. Òórùn ẹja náà jáde sí wa lójú. Igi tó wà nínú rẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ó tó ìwọ̀n apá kan lọ sókè, sí ìhà àtẹ̀gùn. Rọ́bà ara wáyà ti yọ́ dànù. Ó fi ìka kan igi náà, èédú bá ìka rẹ̀ jáde.

Oyètúndé ti dọ̀bálẹ̀ lórí káàpẹ́ẹ̀tì nínú òkùnkùn, ó ń wí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ta ló ṣẹ ta? Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ta ọkọ mi nípàá.

Ẹ̀gbọ́n kò wò ó. Ó gòkè padà, ó jókòó sídìí tábìlì, ó fi fóònù pe electrician tó ní ìwé àṣẹ. Mo gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó ní rárá, òun kò gba permit. Ó ní yes, people sleep down there. Wọ́n tún bi í ní nǹkan, ó ní, "Yes. A child." Ó gé fóònù, ó ní kí a kó ẹrù wa wá sí parlour, ọjọ́ Monday ni inspector máa dé, kò sì mọ ohun tí wọ́n máa sọ nípa fèrèsé. Gbogbo wa la mọ̀. Ó lọ sídìí ibi tí wọ́n ti ń yí ooru, ó yí i sókè títí kò fi lọ mọ́.

Lẹ́yìn náà ló tún mú ìwé mi, ó gbé e súnmọ́ ojú. Mo ti gbàgbé pé mo kọ ọjọ́ sí orí rẹ̀.

"Ọjọ́ wo lo mọ̀?"

"Ó wà lórí ìwé, sà."

"Mo ti rí i. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ."

"Tuesday, sà."

"Wednesday ni mo wá yọ extension."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo ki heater padà sára ògiri yẹn. Ó wà ní ńlá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O sì sọ fún mi pé ó rẹwà."

Dóyin wà lórí àga, ó ń wo èmi, ó ń wo òun. Omi ń bọ́ lójú Ẹ̀gbọ́n, kò sì nù ún. Èédú ṣì wà lára ìka rẹ̀.

"Ìyàwó, lọ́jọ́ mìíràn, bú mi," ó ní. "Ṣé o gbọ́? Má dúró de Saturday. Má wá ìbéèrè kankan fún mi. Pè mí ní òpònú lójú ọmọ rẹ, kí o fa wáyà yẹn já. Bú mi."

Mo fẹ́ bú u. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ bú u lọ́jọ́ náà, kí n bú u dáadáa, kí n sì wá fi èyí tó kù bú ara mi. Ọ̀rọ̀ náà pé sí mi lẹ́nu, ó gbóná, n kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a. Ṣùgbọ́n orúnkún mi méjèèjì ti kan ilẹ̀.

"Ẹ ṣeun, sà," ni mo sọ.